Awakọ̀ àti Ẹ́ńjìnì Rẹ̀ ní Ọ̀nà Lálúpọn

Ẹni tí ó bá ti pẹ́ ní etí ọ̀nà Ìwó, láti Ìbàdàn títí dé Lálúpọn, yóò jẹ́rìí sí i pé kì í ṣe ojú nìkan ni ènìyàn fi í mọ mọ́tò. Ní kùtùkùtù ọjọ́ ọjà, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn obìnrin tí wọ́n ti di gàrí àti ẹ̀fọ́ wọn kalẹ̀ létí títì a máa fi etí yan ọkọ̀ tí wọn yóò wọ̀. Bí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀, wọn a ní, “Èyí kọ́, Micra ni.” Bí òmíràn bá tún dún, wọn a ní, “Típà ni.” Nígbà tí ó bá yá, ẹnìkan nínú wọn a dìde, a sì gbá yẹ̀rì rẹ̀ mọ́ra: “Bàbá Onípíjò ni ó ń bọ̀ yìí.” Wọn a gbé ẹrù wọn sún mọ́ títì, bẹ́ẹ̀ ni ojú ẹnikẹ́ni kò tí ì rí nǹkan kan.

Mọ́tò tí wọ́n ń retí náà ni Peugeot 504, irú èyí tí ó gùn lẹ́yìn, tí a fi ń kó èrò àti ẹrù pọ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n bá a ṣe ní Kàdúná ni ó ṣì wà nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kú lẹ́ẹ̀kan, tí a sì jí i dìde. Nípa ikú àti àjíǹde ẹ́ńjìnì yìí, àti nípa ọkùnrin tí ó ń wà á, ni a fẹ́ kọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé ọ̀ràn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ da ilé kan rú.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí bí mọ́tò ti ṣe dé apá ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ̀ ojú irin ni ó kọ́kọ́ dé Ìbàdàn, ní 1901. Ní nǹkan bí 1906 ni ìjọba la ọ̀nà láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, ọ̀nà àkọ́kọ́ tí a là fún mọ́tò ní orílẹ̀-èdè wa yìí, ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé lónìí ni ó sì gbà kọjá. Nígbà tí kòkó di owó, àwọn ọlọ́lá Ìbàdàn bí Olóyè Salami Agbaje ra ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n sì fi wọ́n kó irè oko. Lẹ́yìn náà ni Bedford dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òyìnbó a fi ẹ́ńjìnì àti ẹsẹ̀ ránṣẹ́, àwọn káfíńtà wa a sì fi pákó kan ilé lé e lórí. Èyí ni bọ́lẹ̀kájà, tí a fi ọ̀dà kọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sí lójú. Ọ̀pá irin ni a fi ń yí ẹ́ńjìnì àwọn ti àtijọ́ láti iwájú kí ó tó dún, ọ̀pá yìí sì ti ṣẹ́ ọrùn ọwọ́ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí kò níye, nítorí bí ẹ́ńjìnì bá ta padà, kò mọ ọmọ ẹni tí ó dì í mú. Láti ìgbà náà ni àwọn awakọ̀ wa ti kọ́ láti máa bá ẹ́ńjìnì lò bí ẹni tí ó ń bá ẹṣin oníbìínú lò.

Ìjàpá dé, ìyẹn Volkswagen, tí afẹ́fẹ́ ń mú ẹ́ńjìnì rẹ̀ tutù, tí kò sì bèèrè omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn olùkọ́ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò gba ẹrù. Peugeot ni ó gba ẹrù.

Ní 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ fi 504 han aráyé ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ti Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní ilẹ̀ wa, ní ọdún náà gan-an ni 504 sì gba ipò kìíní nínú eré mọ́tò Safari ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, lórí ẹrẹ̀ àti eruku tí ó jọ ti ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí àwọn Faransé ti dáwọ́ dúró tí wọn kò to ayọ́kẹ́lẹ́ 504 mọ́, ní 1983, Kàdúná ń bá iṣẹ́ lọ ní tirẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún sí i. Ìdí nìyí tí àwa fi rò pé kò yẹ kí a máa pe mọ́tò yìí ní mọ́tò òyìnbó pátápátá.

Wàyí o, ẹ́ńjìnì náà. Irin ni ara rẹ̀, alumíníọ̀mù ni orí rẹ̀. Sìlíńdà mẹ́rin ni ó ní, ohun tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń gbà jẹ́ 1,971 cc, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà méjì. Àwọn tí ó ṣe é kò gbé e nàró. Wọ́n dá a tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ìwọ̀n dígírì 45, bí àgbàlagbà tí ó fara ti ògiri. Ṣùgbọ́n ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà kò hàn sí ojú. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, ihò tí písítìnì ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ara irin ńlá náà gan-an. Bí ó bá jẹ, a ó gbẹ́ ẹ fẹ̀ sí i. Bí a bá sì ti gbẹ́ ẹ tó ìgbà mélòó kan, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́. Ti Peugeot kò rí bẹ́ẹ̀. Irin rìbìtì oníhò mẹ́rin ni a kì bọ inú rẹ̀, omi a sì máa ṣàn yí wọn ká. Àwọn mẹkáníìkì ń pè wọ́n ní sílíìfù. Bí wọ́n bá jẹ, a ó fà wọ́n yọ bí ìgbà tí ènìyàn yọ ife kúrò nínú ife, a ó sì ki tuntun bọ̀ ọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnì tí ó ti gbó lè padà di èwe lábẹ́ igi máńgòrò, bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá wà níbẹ̀, tí irin rẹ̀ sì ṣì wà lọ́jà.

Awakọ̀ tí a ń wí yìí, a kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kò bẹ̀ wá kí a gbé òun sínú ìwé ìròyìn. Abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn ni ilé rẹ̀ wà. Ó ra mọ́tò náà ní 1994 lọ́wọ́ olùkọ́ kan tí ó fẹ̀yìn tì, òun nìkan ni ó sì ti ń wà á láti ìgbà náà. Kò fi rédíò sínú rẹ̀. Ó ní ẹni tí ó bá ń gbọ́ orin kò lè gbọ́ ẹ́ńjìnì. Láàárọ̀, bí ó bá ti tanná sí i, a dúró lẹ́bàá rẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè ka Orin Dáfídì kúkúrú kan, a máa tẹ́tí sí i, a sì máa wo ẹnu èéfín rẹ̀. Èéfín tí ó bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ni ó ń jó. Funfun tí kò tán lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbóná, omi ni ó ń wọlé síbi tí kò yẹ. Dúdú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ó mọ ìró tí tàpẹ́ẹ̀tì ń dún nígbà òtútù, èyí tí kì í ṣe àrùn, ó sì mọ èyí tí ó jẹ́ àrùn. Nígbà kan tí a wọ ọkọ̀ rẹ̀ láti Ìyànà Ọ̀fà, ó dúró lójijì, ó sọ̀kalẹ̀, ó dé okùn púlọ́ọ̀gì kan tí ó fẹ́ yọ, ó sì tún gbéra. Àwa tí a jókòó tì í kò gbọ́ nǹkan kan.

Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ ọ́ létí gbogbo ènìyàn pé, “Bàbá wọn kò fẹ́ ìyàwó méjì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n orogún mi wà níta yẹn, abẹ́ búlúkú ni ó ń sùn.” Ẹ̀rín ni ó fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti oṣù karùn-ún 2023, tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò, ẹ̀rín náà ń dínkù. Epo tí iye rẹ̀ kò tó 200 náírà fún lítà kan tẹ́lẹ̀ ti kọjá 1,000 náírà kí 2024 tó parí. Ẹ́ńjìnì àtijọ́ bí èyí kò sì mọ ohun tí a ń pè ní ṣíṣọ́ epo lò.

Ní oṣù kẹwàá 2024 ni ibà dá awakọ̀ wa dùbúlẹ̀. Ọjọ́ ọjà kò lè dúró de ibà, nítorí náà ó fi kọ́kọ́rọ́ lé àbúrò ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń wa Micra ní Ìbàdàn. Ọmọ náà mọ ọkọ̀ wà, a kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ọn. Ó kó ẹrù lọ sí Bódìjà láìsí wàhálà. Nígbà tí ó ń padà bọ̀, róbà omi kan bẹ̀rẹ̀ sí í jò lábẹ́. Fóònù rẹ̀ ń kọrin lórí ìjókòó. Ohùn ẹ́ńjìnì yí padà ní Ólódò, kò gbọ́. Agbára rẹ̀ dínkù, ó tẹ iná mọ́ ọn. Nígbà tí ó rí oruku gbígbóná lójú ọkọ̀, ó dúró, ó bu omi tútù, ó sì dà á lé irin tí ó ń hó. Ẹ̀yin onílé, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn nítorí jẹnẹrétọ̀ yín pẹ̀lú: bí irin bá gbóná rékọjá, ẹ jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀. Omi tútù a máa lọ́ ọ, ó sì lè là á.

Wọ́n fi okùn fa mọ́tò náà dé ilé ní alẹ́. Awakọ̀ wa jáde pẹ̀lú aṣọ ìbora lára. Ó fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ọ́ìlì náà ti funfun bí omi ògì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́.” Kò dá a lóhùn. Ó wọlé padà, kò sì jẹun fún ọjọ́ méjì. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún wa pé òun kò mọ̀ bí ti ibà ni tàbí ti ẹ́ńjìnì.

Imọ̀ràn mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀. Èkíní, kí wọ́n tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù, tí wọ́n ń fi òṣùwọ̀n wọn irin bí ẹni wọn iṣu. Èkejì, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe, ni kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnì náà dànù, kí wọ́n sì gbé ti Toyota tòkunbọ̀ kan sí i. Kò wọ́n, kì í sì í mu epo tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n tún un ṣe. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí ó tà á. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ awakọ̀ ní Toyota. Òun nìkan ni ó wà lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ìdí tí ó sì ń wí ni pé nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà nínú ìwé mọ́tò, òun kò sì fẹ́ ẹjọ́ àwọn ọlọ́pàá. Òtítọ́ ni èyí, ṣùgbọ́n ìwé ṣeé yí padà. A mọ̀ pé kì í ṣe ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀ràn náà ti wọ inú ilé nìyí: kò sí owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Bàbá obìnrin náà fi oko kòkó sílẹ̀ fún un ní apá Akànràn. Ní 2024, irè kòkó kò ṣe dáadáa ní Ghana àti Ivory Coast, iye rẹ̀ sì fò sókè ní gbogbo ayé ju bí ẹnikẹ́ni ti rí i rí lọ, tí tọ́ọ̀nù kan ń kọjá 10,000 dọ́là. Ẹni tí kòkó rẹ̀ ń so díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ rí owó mú lọ́dún náà. Obìnrin yìí ti pinnu láti fi tirẹ̀ ra ẹ̀rọ ìrẹ́ pákí, kí òun má baà máa gbé pákí lọ sí abúlé mìíràn mọ́. Ó ti lọ wo ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn kò fi bá ara wọn sọ ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà ṣe ìdájọ́ kan tí àwa gbà pé ó sàn ju ti kóòtù mìíràn lọ. Ó ní òun yóò mú owó náà jáde, ṣùgbọ́n òun kò fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Gbèsè ni. Ó ra ìwé àkọsílẹ̀ irú ti àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó kọ iye rẹ̀ sí i, ó sì ní kí ọkọ òun fọwọ́ sí i. Ní ti àbúrò rẹ̀, ó ní yóò fi Micra sílẹ̀, yóò sì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì lójoojúmọ́ títí ẹ́ńjìnì náà yóò fi dún. “Ẹni tí ó pa á ni yóò gbé e dìde,” bẹ́ẹ̀ ni ó wí.

Mẹkáníìkì náà jẹ́ bàbá arúgbó kan tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá, tí ó kọ́ṣẹ́ nígbà tí 504 ṣì jẹ́ mọ́tò tuntun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni iṣẹ́ náà gbà. Nígbà tí wọ́n ṣí orí ẹ́ńjìnì náà, wọ́n rí i pé ó lọ́, ṣùgbọ́n kò là. Ẹ̀rọ ni a fi fá ojú rẹ̀ títí ó fi tẹ́jú. Sílíìfù méjì ti ha. Bàbá kò gbà kí a pààrọ̀ méjì, ó ní mẹ́rin tàbí kí a má ṣe é rárá, nítorí píṣítìnì àti sílíìfù a máa bá ara wọn wá ní méjìméjì bí tọkọtaya. Wọ́n gbé kíráńkì lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ lọ irin. Ọjà Araromi ní Géètì ni wọ́n ti wá ohun tuntun, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n sì fi wá a, nítorí ayédèrú pọ̀ níbẹ̀ ju ojúlówó lọ fún irú mọ́tò tí a kò ṣe mọ́.

Ohun kan wà tí a fi ojú wa rí tí ó yà wá lẹ́nu. Nígbà tí a bá ki sílíìfù bọ̀ ọ́ tán, ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ sókè ju irin tí ó yí i ká lọ, ìwọ̀n tí kò nípọn ju bébà lọ. Bí kò bá yọ, gásíkẹ́ẹ̀tì kò ní dì í mú, omi yóò sì tún bá ọ́ìlì pàdé. Bàbá fi ìwọ̀n wò ó, lẹ́yìn náà ó pa ojú rẹ̀ dé, ó fi èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ rá kọjá lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní ẹ̀kẹta kò tó. Wọ́n tún un ṣe.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tanná sí i. Òun ni wọ́n ní kí ó to okùn púlọ́ọ̀gì. Ó mọ̀ pé kìíní, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, èkejì ni wọ́n ń jó tẹ̀lé ara wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti iwájú. Ẹ́ńjìnì náà yìnbọn lẹ́ẹ̀mejì, ewúrẹ́ tí ó wà nítòsí sá. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀yìn ni Peugeot ti ń ka iye tirẹ̀, láti ibi tí ó ti kan jíà.” Ẹnìkan ti gbé àkùkọ wá, kí a fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọ́n irin náà nítorí Ògún. Awakọ̀ wa kọ̀ ọ́, ó ṣí fìlà, ó gbàdúrà ní ṣókí, ó sì tún fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ wò lẹ́yìn àmín. Èyí dùn mọ́ wa. A ti rí onígbàgbọ́ tí ń gbàdúrà sórí mọ́tò láti ọdún dé ọdún tí kò sì pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnì náà dún.

Fún kìlómítà ẹgbẹ̀rún kan àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ sáré, bẹ́ẹ̀ ni a sì gbọ́dọ̀ tún ìdè orí rẹ̀ dè. Àwọn obìnrin ọlọ́jà kùn pé ó ń rìn bí òkú tí a ń gbé lọ sí ibojì. Kò dá wọn lóhùn.

A ti gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé irin kò mọ ènìyàn, àti pé ọkùnrin yìí ti fi mọ́tò ṣe òrìṣà. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni pé irin kò mọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè mọ irin, ìmọ̀ náà sì jẹ́ ohun ìní tí a fi ọgbọ̀n ọdún kó jọ, tí ó ń bọ́ ilé kan, tí ó sì ń gbé gàrí abúlé mẹ́rin lọ sí ọjà. Bí a bá ti yọ ẹ́ńjìnì náà tà, etí yẹn kò ní ohun tí yóò gbọ́ mọ́. A kò kẹ́gàn àwọn ọ̀dọ́ mẹkáníìkì tí ń so kọ̀ǹpútà mọ́ mọ́tò láti ka àrùn rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni tiwọn pẹ̀lú. A kò sì ní kí olúkúlùkù lọ wá 504 rà. Ó ń mu epo, èéfín rẹ̀ kò dára fún àyà, bí ìjàǹbá bá sì dé, kò sí àpò afẹ́fẹ́ tí yóò gba àyà awakọ̀ dúró. Ohun tí ó ká wa lára ni pé lábẹ́ igi máńgòrò náà, ọmọṣẹ́ kan ṣoṣo ni Bàbá ní, ìyẹn pàápàá sì ń wí pé Toyota ni òun fẹ́.

Àbúrò ìyàwó kò padà sídìí Micra. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni ó ń wa Peugeot náà báyìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a sì jókòó tì í, fèrèsé ní ṣíṣí, fóònù nínú àpò. Bí ìró kan bá yí padà, ẹ̀gbọ́n kò ní sọ nǹkan kan. Yóò kàn wò ó lójú, yóò sì dúró kí ó wí ohun tí ó gbọ́. Nígbà mìíràn ó máa ń gbà á.

Ní ti owó, ó lé ní ìdajì tí ó ti san. A rí ìwé àkọsílẹ̀ náà. Lójú ewé kejì, obìnrin náà yọ iye róbà omi kan kúrò nínú gbèsè ọkọ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí orúkọ àbúrò rẹ̀.